Ẹ Bi Ìyá Aláró: Poker Kì í Ṣe Whot

Lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń dá obìnrin kan lóhùn lórí aró tí kò mú aṣọ, ẹnu mi já bọ́. Mo ní àárín ìgbà tí à ń ta poker lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni aṣọ tèmi gbẹ sórí okùn. Ẹ ò bi mí ní aró mọ́ o. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló wọlé, mẹ́tàlá nínú wọn ń béèrè poker. Ìkẹrìnlá ń béèrè bóyá mo ti gba Jésù. Mo ti gbà á, ẹ ṣeun.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kúkù ni wọ́n nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá délé tí iná ò sí, a ó tan àtùpà sáàárín, a ó da ọmọ ayò sílẹ̀ bí owó, wọn á sì máa fi mí ṣe òpè títí oorun á fi kùn wá. Ó tó ọdún méjì kí n tó di ọ̀ta. Nísinsìnyí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìtòkú, àwa mẹ́rin la máa ń jókòó: èmi, Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi, àti ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin. Kò sí owó níbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ọmọ ayò ogún àti ìdérí ìgò mẹ́jọ. Ìdérí kan jẹ́ ọmọ ayò mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Ẹni tó bá jẹ́ òpè lọ́jọ́ náà ló máa fọ àwo.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Nínú Whot, kò sẹ́ni tó lè nà mí ládùúgbò wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kọ́ mi ní poker nígbà Kérésì, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń nà mí bí ẹni ń lu bàrà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ta á gan-an, kí ló sì dé tí n kì í jẹ? — Ọmọ Whot, Aṣérò*

Ọmọ Whot, Whot yẹn gan-an ló ń nà ọ́. Nínú Whot, bó bá ti kàn ọ́, dandan ni: o jù ú tàbí o lọ sọ́jà. Ó ti mọ́ ọ lára pé ẹni tó bá jókòó sídìí káàdì gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Poker ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kí o wo káàdì rẹ, kí o dojú rẹ̀ délẹ̀, kí o sì jókòó jẹ́ẹ́ máa wo àwọn tó kù.

Jẹ́ ká tò ó. Whot jẹ́ káàdì 54. Ti poker jẹ́ 52, nítorí a máa ń yọ àwọn joker kúrò. Àmì mẹ́rin ni: háàtì, dáyámọ́ǹdì, sípéèdì, àti kílọ́ọ̀bù tó dà bí ewé mẹ́ta. Mẹ́tàlá ló wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan, láti 2 dé 10, lẹ́yìn náà Jáàkì, Ayaba, Ọba, Éèsì. Oríṣi poker pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń ta jù, tí àwa náà ń ta, ni Texas Hold'em, tó wá láti ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ rí. Márùn-ún á wá jáde sáàárín tábìlì lójú gbogbo wa: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí ni flop, ọ̀kan tẹ̀lé e, èyí ni turn, ọ̀kan ìkẹyìn, èyí ni river. Nínú méje tí o rí, márùn-ún tó dára jù ni kí o kà.

Kí a tó wo káàdì rárá, ẹni méjì tó wà lápá òsì ẹni tó ń pín in á ti fi nǹkan sílẹ̀: àkọ́kọ́ fi ọmọ ayò kan, èkejì fi méjì. Bùláìńdì ni wọ́n ń pè é, owó afọ́jú, nítorí o san án kí o tó rí nǹkan kan. Bí kò bá sí i, gbogbo wa á jókòó máa retí Éèsì méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 sì ni Éèsì méjì ń bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́. Pípín káàdì ń yí lọ sọ́wọ́ òsì, nítorí náà kò sẹ́ni tí kò ní san owó afọ́jú.

Ìgbà mẹ́rin la ń sọ̀rọ̀ owó: lẹ́yìn káàdì méjì rẹ, lẹ́yìn flop, lẹ́yìn turn, lẹ́yìn river. Bí kò bá tíì sẹ́ni tó fi nǹkan lé e, o lè ní “Mo kọjá.” Bí ẹnì kan bá ti fi nǹkan lé e, mẹ́ta ló kù fún ọ: “Mo bá ọ débẹ̀”, “Mo gbé e sókè”, tàbí “Mo jù ú.” Check, call, raise àti fold ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á máa pè wọ́n. Bí gbogbo èèyàn bá jù ú tó ku ẹnì kan ṣoṣo, òun ló kó gbogbo ohun tó wà láàárín, kò sì sí ẹni tó lè fipá wo ohun tó dì mọ́wọ́.

Wàá rí i pé ọjà ni à ń ná. Oníbàárà á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, á bi mí ní iye. Kò sí dandan pé kó rà á. Àwọn tí mo máa ń rẹ́ jẹ kì í ṣe àwọn tó ń lọ o. Àwọn tí ojú ń tì láti lọ ni. Wọ́n ti tú aṣọ mẹ́fà, wọ́n rò pé wọ́n jẹ mí ní gbèsè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lo ṣe ń ṣe pẹ̀lú poker. O ti fi méjì sílẹ̀, o wá ń fi mẹ́wàá tẹ̀lé e kí méjì má bàa ṣòfò. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ̀ ọ́n sá, ní í bógun lọ.

Èyí ni mo fún ọmọ-ọmọ mi nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀: méjì tó jọra láti 10 sókè, Éèsì pẹ̀lú Ọba, Ayaba tàbí Jáàkì, Ọba pẹ̀lú Ayaba. Ìyókù, jù ú. Ó ní kò dùn bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ fọ àwo nígbà náà. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lọ̀rọ̀ kàn kẹ́yìn, o lè fi oríṣi káàdì díẹ̀ kún àwọn tí wàá ta yìí, nítorí o ti gbọ́ ohun tí gbogbo ayé sọ kí o tó yanu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ iye lọ́jà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún un.

Jẹ́ n sọ ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá fún ọ, kí o rí i bí wọ́n ṣe ń jù ú. Ọmọ-ọmọ mi ló pín káàdì. Télọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀, èmi fi méjì. Mo ṣí tèmi díẹ̀ létí: Ayaba háàtì àti Jáàkì háàtì. Tísà gbé e sí mẹ́fà. Ọmọ jù ú, Télọ̀ náà jù ú, ọ̀kan tirẹ̀ kú síbẹ̀. Èmi ti ní méjì nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fi mẹ́rin kún un, mo bá a débẹ̀. Mẹ́tàlá ló wà láàárín.

Flop jáde: 9 háàtì, 4 háàtì, Éèsì sípéèdì. Mo ti ní háàtì mẹ́rin, ọ̀kan ló kù kí wọ́n pé márùn-ún. Mo kọjá. Tísà ń kùn orin ìsìn lábẹ́ imú, ó fi mẹ́fà lé e. Nísinsìnyí, kà á pẹ̀lú mi. Háàtì jẹ́ mẹ́tàlá. Mo ti rí mẹ́rin, mẹ́sàn-án ló kù. Káàdì tí n kò tíì rí jẹ́ 47. Mẹ́sàn-án nínú 47, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Mẹ́fà ni mo máa san láti jẹ mọ́kàndínlógún, mo sì mọ̀ pé bí háàtì bá wọlé, Tísà tó ní Éèsì ò ní fẹ́ gbà, á tún san nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá a débẹ̀.

Turn jáde: 2 kílọ́ọ̀bù. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo kọjá. Tísà dákẹ́ orin, ó ti ìdérí ìgò méjì síwájú. Ogún. Ohun tó wà láàárín di 45.

Èmi náà dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni ìrètí mi ṣì jẹ́. Bí mo bá san ogún yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún, màá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyẹn 80. Màá jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 45. Gbèsè 35 nìyẹn. Èyí tí Tísà ṣì lè san lẹ́yìn rẹ̀ ò sì lè di ihò náà, nítorí bí háàtì bá wọlé, ojú ẹ̀ náà á rí i. Mo jù ú.

Ọmọ-ọmọ mi ò lè mú ara dúró, ó ṣí káàdì tó kàn: 6 háàtì! Ó fò sókè, ó ń pariwo, “Màmá, ẹ rí i! Ẹ ò bá ti jẹ ẹ́!” Mo ní kó jókòó. Háàtì tó jáde lẹ́yìn tí mo ti lọ kì í ṣe tèmi. Bí wọ́n bá tún pín in bẹ́ẹ̀ lọ́la, màá tún jù ú. Ọmọ Whot, ọjọ́ tí ìwọ náà bá lè rí háàtì yẹn tí inú rẹ ò bàjẹ́, kọ̀wé sí mi padà.

*Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní 5, 6, 7, 8, 9. Èmi ní káàdì márùn-ún tó jẹ́ dáyámọ́ǹdì nìkan, wọn ò tẹ̀lé ara wọn. Díẹ̀ ló kù ká jà níbi ìkómọjáde ní Àdatán. Ta ló jẹ? — Àbúrò, Kútọ̀*

Ìwọ lo jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ni, rọra sọ ọ́ fún wọn.

Bó ṣe ń ga láti ìsàlẹ̀ nìyí: bí kò bá sí nǹkan kan, káàdì tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ, méjì tó jọra, méjì-méjì tó jọra lọ́nà méjì, mẹ́ta tó jọra, márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn, èyí ni straight, márùn-ún alámì kan náà, èyí ni flush, mẹ́ta tó jọra pẹ̀lú méjì tó jọra, èyí ni full house, mẹ́rin tó jọra, márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn tí wọ́n tún jẹ́ alámì kan náà. Olórí gbogbo wọn ni 10, Jáàkì, Ayaba, Ọba àti Éèsì alámì kan náà. Mẹ́rin péré nirú rẹ̀ láyé, ọ̀kan fún àmì kọ̀ọ̀kan. N kò tíì rí i rí.

Tísà ló là á yé wa ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá mú káàdì márùn-ún nínú 52, ọ̀nà 2,598,960 ló lè gbà jáde. Nínú gbogbo ìyẹn, straight jẹ́ 10,200, flush jẹ́ 5,108, full house jẹ́ 3,744, mẹ́rin tó jọra jẹ́ 624 péré. Èyí tó bá ṣọ̀wọ́n jù ló ń na èyí tó pọ̀. Tìrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì ṣọ̀wọ́n ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ́n sórí nìkan ò tó. Lọ́dún 1991, mo ní Ọba àti 9 lọ́wọ́, Ọba àti 9 sì tún wà nílẹ̀. Méjì-méjì lọ́nà méjì! Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú. Owó gidi la fi ń ta lọ́jọ́ náà, nítorí àlejò tó bá ọkọ mi ti ọkọ̀ dé sọ pé òun ò mọ ayò. Mo fi náírà 340 tí mo fẹ́ fi ra kọ́sítíìkì àti háídírò tí à ń fi pa aró lé e. Háàtì mẹ́rin ló wà nílẹ̀ níwájú mi o, wọ́n pupa bí ẹ̀jẹ̀, n kò rí wọn. Ọwọ́ mi ni mo ń wò. Ọkùnrin náà ní 5 háàtì kan ṣoṣo, ó pé márùn-ún, ó kó o lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìkòkò aró mi fi gbẹ. Wo ilẹ̀ kí o tó wo ọwọ́ rẹ.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá wa. Ọmọ mi ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí ta káàdì yìí. Ṣé tẹ́tẹ́ ni àbí eré? — Ìyá Ìbejì, Ìjàyè*

Ìyá Ìbejì, owó tó wà lórí tábìlì ló máa sọ fún yín. Bó bá jẹ́ ọmọ ayò tàbí ìdérí ìgò, eré ni. Bó bá jẹ́ owó, tẹ́tẹ́ ni, ọgbọ́n yòówù kó wà nínú rẹ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ gbé ẹ̀pà àti gúgúrú dání, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín. Bí wọ́n bá yára kó nǹkan sábẹ́ tìmùtìmù, ẹ ti rí èsì.

*Màmá, wọ́n ní akáǹtáǹtì kan fi dọ́là díẹ̀ wọ ìdíje poker ní Amẹ́ríkà, ó di olówó. Ṣé òótọ́ ni? Mo ti rí èyí tí wọ́n ń ta lórí fóònù. — Olùfẹ́ Yín, Láfẹ́nwá*

Òótọ́ ni. Chris Moneymaker lorúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ni o. Orúkọ ń ro ọmọ. Lọ́dún 2003, ó fi dọ́là 86 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tibẹ̀ gba àyè sínú ìdíje àgbáyé ní Las Vegas, níbi tí àwọn mìíràn ti ń san dọ́là 10,000 kí wọ́n tó jókòó. Ó gba ipò kìíní, ó kó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là lọ sílé.

Àwọn 839 ló wọ ìdíje náà. Nítorí náà 838 ló wà tí o kò gbọ́ orúkọ wọn. Ti fóònù, ìdáhùn mi kúrú: o kò rí ojú ẹni tí ẹ jọ ń ta, káàdì ń yára jáde ju bí ọpọlọ òpè ṣe lè kà á lọ, owó sì ń lọ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́ wá ẹni mẹ́ta àti ọmọ ayò. Lẹ́yìn ọdún méjì, tún bi mí.

*Ìyá mi, onídìrí ni mí. Bí mo bá fẹ́ purọ́ pé káàdì mi dára, ojú mi máa ń tú mi fó. Kí ni kí n ṣe? — Pánṣẹ́kẹ́*

Onídìrí tó ń sọ fún oníbàárà pé “kò ní dùn ọ́” lójoojúmọ́, irọ́ ò yẹ kó ṣòro fún ọ.

Irọ́ orí tábìlì dà bí oníbàárà tó ní “Ẹ jẹ́ n máa lọ.” Mo ti rí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ á ti bi mí léèrè aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á ti fi wé ara níwájú dígí, á wá ní òun ń lọ, kò ní rìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ tí á fi máa dẹtí kó gbọ́ “Ẹ padà wá.” Èyí, mi ò ní dá a lóhùn. Èkejì wò ó, ó sọ iye kan, ó gbé báàgì, ó yí ẹ̀yìn padà. Èyí ni mo máa ń pè. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ohun tí èkejì ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ bá ohun tó sọ kẹ́yìn mu. Nínú poker, bí o bá ti ń kọjá, tí o tún ń kọjá, tí o wá ṣàdédé kó ọgbọ̀n sílẹ̀ ní river, ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Láti flop ni kí irọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ irọ́ tí káàdì ilẹ̀ lè jẹ́rìí sí.

Má sì pa á fún ẹni tí kì í jù ú. Ọmọ-ọmọ mi kì í gbà pé ẹnikẹ́ni ní káàdì, gbogbo nǹkan ló ń bá èèyàn débẹ̀. Òtítọ́ ni mo ń fi kó tirẹ̀.

Ní ti ojú, ohun kan náà ni kí o máa ṣe nígbà gbogbo. Télọ̀ máa ń fa fìlà mọ́lẹ̀ bí káàdì rẹ̀ bá dára, kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó bá sì ka ìwé ìròyìn yìí, mo ti gbé. Èmi, orógbó ni mò ń jẹ. Káàdì tó dára, orógbó. Èyí tí kò dára, orógbó. Kíkorò rẹ̀ ló ń bo ojú mi.

*Kí ni kí n rà láti bẹ̀rẹ̀? — Gómìnà Ẹgbẹ́, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀*

Páálí káàdì kan péré. Ra èyí tó jẹ́ rọ́bà, má ra onípépà, nítorí ti pépà á wú bí omi bá kàn án, á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Ka á kó pé 52 kí o tó kúrò níwájú ẹni tó tà á.

Kí o sì fọwọ́ kí o tó pín in. Onípépà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì jókòó sídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ìkòkò aró dìde. Àtàǹpàkò mi gbá aró sẹ́yìn Éèsì dáyámọ́ǹdì, kò sì wẹ̀ mọ́. Ọmọ-ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fọ àwo, à ń yìn ín pé ó ti ń di ọ̀ta, kò sì sọ fún ẹnì kankan.